Ohun Tí Iṣẹ́ Ọjà Rírà Kọ́ Mi Lẹ́yìn Tí Ọgbọ́n Àtọwọ́dá Dé

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ọjà rírà fún ilé iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa máa ń bi mí ní ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò bi ara rẹ̀ nígbà tí èmi wà ní ọjọ́ orí wọn. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ yìí yóò ṣì wà nígbà tí wọ́n bá máa fi dé ipò alákòóso, nítorí wọ́n ń rí i pé ọgbọ́n àtọwọ́dá, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní AI, ti ń ka ìwé ìdíyelé, ó ti ń kọ lẹ́tà sí àwọn ọlọ́jà, ó sì ti ń bá wọn ná ọjà ní àwọn ibì kan. Èsì mi kì í tẹ́ wọn lọ́rùn tán. Mo máa ń sọ fún wọn pé ipò alákòóso ọjà rírà kò ní parẹ́, àti pé ó ṣeé ṣe kí owó oṣù ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa tún gbé pẹ́ẹ́lí sí i. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé àwọn iṣẹ́ kéékèèké tó sọ èmi di alákòóso gan-an ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ wa, kò sì sí ẹni tó tíì ṣàlàyé fún mi bí ẹni tí kò ṣe wọ́n rí yóò ṣe mọ iṣẹ́ náà.

Ilé iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ń po oúnjẹ adìyẹ, èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní fíìdì, ní ẹ̀yìn Abẹ́òkúta lójú ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá. Ìpínlẹ̀ Ògùn kún fún àwọn tó ń sin adìyẹ, nítorí náà àwọn oníbàárà kì í wọ́n wa. Ohun tí a ó fi po oúnjẹ náà ló máa ń wọ́n. Àgbàdo nìkan sábà máa ń tó ìdajì ohun tó wà nínú àpò fíìdì tàbí kó lé díẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀wà sóyà, èérún ẹ̀pà àti èérí àlìkámà, kí a tó wá kan àwọn èròjà bíi methionine àti lysine tó ń gba èbúté Àpápá wọlé láti òkè òkun. Ẹ fi dísẹ́ẹ̀lì, àpò òfìfo, bẹ́líìtì ẹ̀rọ àti béárìn kún un. Ẹni tó bá ra àgbàdo ní ọ̀wọ́n ti fi èrè ọdún náà ṣòfò, ẹni tó bá sì ra èyí tó ti bu ti pa adìyẹ oníadìyẹ.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ mi ni láti da ohun tó wà nínú àwọn ìwé ìdíyelé kọ sínú ìwé ńlá kan tí a fi rúlà là. Ọlọ́jà kan á sọ iye rẹ̀ ní tọ́ọ̀nù, èkejì á sọ ọ́ ní àpò, ẹ̀kẹta á ní owó ọkọ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ̀kẹrin á ní kí a wá fi ọkọ̀ tiwa kó o ní ọjà Dawanau ní Kánò, ẹlòmíràn á gbà láti tà á ní àwìn, ṣùgbọ́n yóò ti fi èlé rẹ̀ pamọ́ sínú iye tó pè. Èmi ni mo máa ń sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan náà kí ọ̀gá mi tó lè fojú kan wọ́n. Iṣẹ́ náà máa ń sú mi dọ́ba. Síbẹ̀, nídìí dída iye owó kọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ti mọ̀, láìsí ẹni tó pè mí jókòó láti kọ́ mi, pé àgbàdo tuntun ìhà ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín máa ń fa iye owó wálẹ̀ ní oṣù July sí August, pé ti òkè Ọya máa ń tẹ̀ lé e nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, pé ọlọ́jà tí iye rẹ̀ bá rẹlẹ̀ ju ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ máa ń padà wá gbà á lórí owó ọkọ̀, àti pé ẹni tó bá ń kánjú jù láti tà ní àwìn, ọjà tó fẹ́ bàjẹ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n kọ èyíkéyìí nínú rẹ̀ sí.

ChatGPT jáde ní ìparí oṣù November ọdún 2022. Kí ọdún tó tẹ̀ lé e tó parí, agbára káká ni lẹ́tà kan fi ń jáde ní ẹ̀ka wa tí kò gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, mo sì mọ̀ nítorí pé àwọn ọmọ tí ìpínrọ̀ méjì ń fún ní wàhálà tẹ́lẹ̀ ṣàdédé ń kọ gẹ̀ẹ́sì agbẹjọ́rò. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún irinṣẹ́ kan tó ń ṣe ju lẹ́tà lọ. A ó kó àwọn ìwé ìdíyelé fún un, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ tàbí èyí tí wọ́n fọwọ́ kọ, tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp; yóò kà á, yóò sọ gbogbo rẹ̀ di iye owó tọ́ọ̀nù kan, yóò fi wé iye tí a rà á lọ́dún tó kọjá, yóò sì to àwọn ọlọ́jà láti orí ẹni tó rí pé ó dára jù. Iṣẹ́ tó ń gba èmi ní ọjọ́ púpọ̀, kí ènìyàn tó mu omi tán ni ẹ̀rọ ti parí rẹ̀. Ó tún ń fi LPO (ìwé tí a fi ń béèrè ọjà lọ́wọ́ ọlọ́jà), wébíìlì (ìwé tó ń bá ọjà wá) àti ínfóìsì (ìwé owó tí ọlọ́jà ní kí a san) wé ara wọn, èyí tó jẹ́ iṣẹ́ odidi ènìyàn kan lọ́dọ̀ wa tẹ́lẹ̀.

N kò lè sọ pé mo kórìíra rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ mú kí n bọ̀wọ̀ fún un ni ọ̀rọ̀ àwọn ìwé ìdíyelé mẹ́ta kan. Ìlànà ilé iṣẹ́ wa ni pé ọjà tó bá ti kọjá iye kan gbọ́dọ̀ ní ìwé ìdíyelé láti ọwọ́ ọlọ́jà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mẹ́ta yìí wá fún bẹ́líìtì àti béárìn, orúkọ wọn yàtọ̀, àmì tó wà lókè ìwé wọn yàtọ̀, iye owó wọn náà sì yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ náà ló tọ́ka sí i pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣi ọ̀rọ̀ kan náà kọ lọ́nà kan náà nínú ìlà tó kẹ́yìn, àti pé nọ́ńbà fóònù tó wà lórí ìwé ẹnì kejì ni ẹnì kẹta fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ojú ènìyàn lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tó ti ka ìwé títí tó ti rẹ̀ ẹ́ kò ní rí i. Ìgbà náà ni mo gbà pé alákòóso tó bá kọ irinṣẹ́ yìí nítorí ìgbéraga kàn ń ṣílẹ̀kùn fún olè ni.

Àmọ́ irinṣẹ́ yìí kan náà ló fẹ́ ba àárín àwa àti ìyá kan jẹ́ ní ọjà Lafẹ́nwá, ẹni tó máa ń ta àgbàdo fún wa nígbà tí tírélà bá pẹ́ lọ́nà. Ìyá náà kì í kọ ìwé ìdíyelé. Ọmọ rẹ̀ ló máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé àpò kan jẹ́ iye báyìí. Àpò ìyá jẹ́ kílò 100, ó sì sábà máa ń lé. Ẹ̀rọ kàn gbà pé àpò kílò 50 ni, bóyá nítorí pé òun ló pọ̀ jù nínú àwọn ìwé tó ti kà, ó sì to ìyá náà sí ìsàlẹ̀ pátápátá gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ọjà rẹ̀ wọ́n jù. Kò béèrè. Kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò dá òun lójú. Ọ̀dọ́kùnrin tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ti ń kọ ìwé láti yọ orúkọ ìyá kúrò lára àwọn tí à ń rajà lọ́wọ́ wọn, kò sì rí ohun tó burú nínú rẹ̀, nítorí pé kò rí àpò náà rí. Bí èmi ṣe mọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọgbọ́n: ẹni tó bá ti rí bí alábàárù ṣe ń tẹ̀ kọ́lọ́ lábẹ́ àpò kan ṣoṣo láti inú ṣọ́ọ̀bù ìyá náà ti mọ̀ pé kílò 50 kọ́ ló wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kò tíì sún mọ́ rárá ni èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu géètì. Tírélà àgbàdo kan wọlé láti òkè Ọya ní ìdájí, ó gun orí ìwọ̀n, ìwé rẹ̀ pé, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀rinrin inú àgbàdo náà jẹ́ ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn àpò tó wà lókè àti àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbẹ dáadáa. Mo ju ẹyọ kan sẹ́nu, mo fi eyín tẹ̀ ẹ́, ó dún kà. Mo ní kí wọ́n sọ àwọn tó wà láàárín ọkọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ fi irin oníhò gún ọ̀kan nínú wọn, àgbàdo tó bá a jáde lẹ̀ mọ́ ara irin náà, ó sì ń rùn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Mo fi eyín tẹ̀ ẹ́, kò dún, ó kàn tẹ̀ wọnú. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ọ̀rinrin ní 17. Àgbàdo tó bá ti kọjá 13 tàbí 14 kò ṣeé kó pamọ́ sí sítọ́ọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Èébu tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Aspergillus flavus lè hù sí i, oró aflatoxin tó ń ti ara rẹ̀ jáde a sì máa ba ẹ̀dọ̀ adìyẹ jẹ́, a máa dín ẹyin kù, a sì máa pa àwọn òròmọdìyẹ. Ooru ẹ̀rọ tí a fi ń po fíìdì kò lè pa oró náà run.

Awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. "Ẹ ṣàánú wa, mà. Ọ̀nà ti fìyà jẹ wá láti Kánò, òjò ló pa á ní Jẹ́bà." Òjò tó pa ọkọ̀, tí kò kan àpò òkè, tí kò kan ti ẹ̀gbẹ́, tó jẹ́ pé ti àárín nìkan ló rí pa, ẹ jọ̀ọ́, irú òjò wo nìyẹn? Mo pe Alhaji tó ni ọjà lórí fóònù. N kò bú u. Alhaji yìí kan náà ló fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí wa ní ọdún 2024 nígbà tí àgbàdo wọ́n bí ojú, tí àwọn ọlọ́jà tí ẹ̀rọ tò sókè pátápátá kò gbé ìpè mi. Mo sọ fún un pé n ó gba èyí tó gbẹ, kí ó wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń mú àgbàdo gbẹ tí yóò ra èyí tó tutù, àti pé owó ọkọ̀ èyí tí n kò gbà kò sí lọ́rùn wa. Ó rojọ́, ó bínú, nígbà tó yá ó gbà. Lọ́jọ́ kejì, irinṣẹ́ wa ti dín máàkì Alhaji kù, ó sì dámọ̀ràn pé kí a má rajà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Mo kọ ìdí tí n kò fi gbà sínú fáìlì, mo sì buwọ́ lù ú. Ọlọ́jà tí mo mọ ibi tó ti lè rẹ́ mi jẹ, tí òun náà sì mọ̀ pé mo mọ̀, sàn fún mi ju àjèjì tí ìwé rẹ̀ mọ́ lọ. Àwọn kan nínú ilé iṣẹ́ wa kò gbà pẹ̀lú mi lórí èyí títí di òní, n kò sì bá wọn jà.

Àwọn tó ń ta irinṣẹ́ wọ̀nyí fẹ́ràn láti máa sọ pé ó lè sọ iye tí ọjà yóò jẹ́ ní oṣù mélòó kan sí i. Ó lè sọ ọ́ bí ọ̀la bá jọ àná. Ní May 29, 2023 ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Nínú oṣù tó tẹ̀ lé e ni Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye ara rẹ̀. Dọ́là tí iye rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba wà ní nǹkan bíi náírà 460 tẹ́lẹ̀ sì ti kọjá 1,500 kí oṣù February ọdún 2024 tó parí. Kò sí ohun tó wà nínú ìwé ọjà wa àtẹ̀yìnwá tó lè sọ èyí fún ẹ̀rọ. Nígbà tó di July 8, 2024, mínísítà fún ètò ọ̀gbìn kéde pé fún ọjọ́ 150, àgbàdo, àlìkámà, ìrẹsì àti ẹ̀wà yóò máa wọlé láti òkè òkun láìsan owó ibodè. Irinṣẹ́ wa ka ìròyìn náà, ó ní kí a dá ọjà rírà dúró, pé iye owó ń bọ̀ wá já wálẹ̀. Èmi ti gbọ́ ìkéde rí. Mo pe àgéńtì wa ní Àpápá, mo bi í léèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti ń múra láti kó àgbàdo wọlé, ó sì dá mi lóhùn pé, "Ọ̀gá mi, a ò tíì rí ìwé ìlànà rẹ̀, ká tó máa sọ ti ọkọ̀ ojú omi." Àárín oṣù August ni àwọn aṣọ́bodè tó gbé ìlànà náà jáde. Kí ó tó dìgbà náà, mo ti ra ìwọ̀nba tí yóò gbé wa dé ìgbà tí àgbàdo tuntun bá pọ̀ lọ́jà, mo sì jẹ́ kí ìyókù dúró ná. Bí a bá dúró bí ẹ̀rọ ṣe wí, ẹ̀rọ ìpofíìdì wa ìbá ti dákẹ́.

Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ ti ń ná ọjà lókè òkun. Ẹ̀ka Walmart, ilé ìtajà ńlá ti Amẹ́ríkà, tó wà ní Kánádà lo irinṣẹ́ AI kan tó ń jẹ́ Pactum ní ọdún 2021 láti bá àwọn ọlọ́jà rẹ̀ kan dúnàádúrà, ìròyìn rẹ̀ sì sọ pé nínú ọlọ́jà 89, ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀rọ náà bá dé orí àdéhùn. Àwọn tó ń fi ìròyìn yìí dẹ́rù bà wá kì í sábà sọ èyí tó kù, pé àwọn ọjà tí ilé iṣẹ́ náà ń lò fúnra rẹ̀ ni, kì í ṣe èyí tó ń tà, àti pé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́jà kéékèèké tí àwọn olùrajà kò ráyè bá jókòó ni. Irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa náà: bébà, ìbọ̀wọ́, ọṣẹ, bọ́ọ̀tù ìdè. Tí ẹ̀rọ bá fẹ́ gba èyí, kó máa gbà á lọ, n ó bá a gbé e. Ti Alhaja tó ń ta sóyà fún wa yàtọ̀. Ìkíni nìkan máa ń pẹ́ kí a tó kan ọ̀rọ̀ ọjà, nínú ìkíni yẹn ni mo sì ti máa ń gbọ́ pé ọ̀nà Mọ́kwá ti bàjẹ́, tàbí pé olùrà kan láti Ìbàdàn ti ń kó ọjà jọ. Ẹni tó bá yọ ìkíni kúrò kí iṣẹ́ lè yá ti yọ ìròyìn kúrò pẹ̀lú rẹ̀.

Ní oṣù September ọdún 2025, olórí ìjọba Albania, Edi Rama, kéde ẹ̀dá inú kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Diella gẹ́gẹ́ bí mínísítà tí yóò máa bójú tó iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba, kí rìbá lè tán níbẹ̀. Ojúgbà mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òkè-Mọ́sàn fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí mi, ó fi ẹ̀rín sí ìdí rẹ̀. Mo gbà pé ẹ̀rọ kì í gba ẹ̀gúnjẹ. Ohun tí mo ti rí ni pé kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń yan ọlọ́jà nìkan ni ẹ̀gúnjẹ ń gbé. Ibi tí wọ́n ti ń kọ irú ọjà tí wọ́n fẹ́ sílẹ̀ ló máa ń gbé jù. Bí ẹnì kan bá ti kọ ọ́ pé jẹnẹrétọ̀ náà gbọ́dọ̀ ga tó báyìí, kí táǹkì rẹ̀ wà lápá ibí, kí wọ́n sì lè gbé e dé láàárín ọjọ́ díẹ̀, tó sì mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ní irú rẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀rọ yóò yan ẹni náà láìfi ti ẹnikẹ́ni ṣe, gbogbo ìwé yóò sì mọ́ tónítóní. Ẹni tó lè ka irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó sì mọ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún ni ilé iṣẹ́ ń wá báyìí, ó sì ṣọ̀wọ́n.

Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀. Òfin tó de ọjà rírà ìjọba àpapọ̀ ní Nàìjíríà, èyí tó jáde ní ọdún 2007, gbé ojúṣe gbogbo ètò náà lé orí ọ̀gá àgbà tó ń mójú tó owó ní ilé iṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan, ó sì pàṣẹ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá rú u yóò ṣẹ̀wọ̀n tí kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 5 láìsí owó ìtanràn. Ọjà tí ilé iṣẹ́ aládàáni ń rà fún ara rẹ̀ kò sí lábẹ́ òfin yẹn, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù wa náà kì í béèrè pé kí ni ẹ̀rọ rò. Èmi ni wọ́n ń pè wọ yàrá. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kan bá gbọ́dọ̀ wà tí wọ́n lè bi léèrè, tí wọ́n lè lé lọ, tí wọ́n sì lè bá ṣẹjọ́, ipò yìí yóò wà.

Ti àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló le. Ìròyìn tí World Economic Forum gbé jáde ní oṣù January ọdún 2025 sọ pé títí di ọdún 2030, iṣẹ́ mílíọ̀nù 92 lè lọ káàkiri àgbáyé, kí mílíọ̀nù 170 tuntun sì jáde, ó sì ka iṣẹ́ akọ̀wé àti ti àwọn tó ń tẹ ìsọfúnni sínú kọ̀ǹpútà mọ́ àwọn tí yóò dínkù jù. Ẹni tó bá ka nọ́ńbà méjèèjì yóò ní èrè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò dájú pé ẹni tí tirẹ̀ lọ ní Abẹ́òkúta ni tuntun yóò bọ́ sí lọ́wọ́. Ní ẹ̀ka wa, wọn kò lé ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó ń fi wébíìlì wé ínfóìsì fẹ̀yìn tì, wọn kò gba ẹlòmíràn. Ẹni tó ń kọ LPO lọ sí ẹ̀ka títà, wọn kò gba ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni àga ṣe ń ṣófo láìsí ariwo. Àwọn ojúgbà mi ní Ṣàgámù àti Ọ̀tà sọ irú rẹ̀ fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń ṣe sí i ní tèmi. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹ̀ka wa, yálà ọmọ FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, tó wá fún IT, ìyẹn iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ ní ilé iṣẹ́, tàbí ẹni tí a gbà síṣẹ́, sítọ́ọ̀ ni mo ń kọ́kọ́ rán an lọ. Yóò gba ọjà, yóò ka àpò, yóò gun ẹ̀yìn tírélà, yóò fọwọ́ ara rẹ̀ wọn ọ̀rinrin. Nígbà tó bá padà dé orí tábìlì, mo ní ìlànà kan tí wọn kò fẹ́ràn: kí wọ́n tó ṣí irinṣẹ́ náà, wọn yóò to àwọn ọlọ́jà fúnra wọn sórí bébà, wọn yóò kọ ìdí, lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi wé ti ẹ̀rọ. Níbi tí méjèèjì bá ti yàtọ̀, wọn yóò wá gbèjà tiwọn níwájú mi. Nígbà mìíràn ẹ̀rọ ló máa ń borí, mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tó wá fún IT ni mo rán lọ sí ọjà Òṣíẹ̀lẹ̀ láti lọ gbọ́ iye owó. Ó mú iye owó wá, ó sì tún mú àgbàdo díẹ̀ wá nínú ọ̀rá, ó dà á sínú àwo funfun níwájú mi, ó gbọ̀n ọ́n, iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ dúdú sì jókòó sí ìsàlẹ̀ àwo. "Mà, orí ọ̀nà ọ̀dà ni wọ́n ti ń sá a." Ó ti bá àwọn ọlọ́jà náà dé ibi tí wọ́n ń sá a sí, ó sì ti rí bí wọ́n ṣe ń fi ìgbálẹ̀ gbá a jọ pẹ̀lú ohun tó wà lórí títì. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń yẹ àgbàdo itòsí wò fún iyanrìn, nítorí òkúta ń jẹ ẹnu ẹ̀rọ ìlọ̀ wa, a sì ń san owó òkúta bí owó àgbàdo. Irinṣẹ́ wa kò lè béèrè ìbéèrè yẹn, torí kò sí ìwé ìdíyelé tí wọ́n ń kọ iyanrìn sí.

Ní ti ìwé ẹ̀rí, n kò ní sọ púpọ̀. Ti CIPSMN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọjà rírà ti ilẹ̀ wa, àti ti CIPS, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣì ń ṣílẹ̀kùn, pàápàá fún ẹni tó bá fẹ́ bá ilé iṣẹ́ ńlá ṣiṣẹ́. Ètò 3MTT ti ìjọba àpapọ̀, tó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2023, sì dára fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń yẹ ìsọfúnni wò. Ohun kan tí mo máa ń tẹnu mọ́ ni pé kí wọ́n má máa kó nọ́ńbà àkáǹtì àti orúkọ àwọn ọlọ́jà wa sínú irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 wà nílẹ̀, yàtọ̀ sí èyí, ìtìjú ńlá ni kí ọlọ́jà gbọ́ iye tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tà fún wa láti ibòmíràn.

Ní báyìí, àwọn ọ̀gá wa ń ṣe ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀, wọ́n sì fẹ́ yọ àyè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ méjèèjì tó wà ní ẹ̀ka mi, wọ́n ní ẹ̀rọ ti ń ṣe iṣẹ́ wọn. Mo ti kọ ìwé sí wọn. Mo gbà nínú rẹ̀ pé lóòótọ́ ni ẹ̀rọ ń ṣe iṣẹ́ tí à ń fún wọn ṣe tẹ́lẹ̀, mo sì ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbà wọ́n síṣẹ́ sítọ́ọ̀ àti ẹnu géètì fún ìdajì ọdún àkọ́kọ́, kí wọ́n tó dé iwájú kọ̀ǹpútà rárá. Mo ṣírò rẹ̀ síbẹ̀ pé owó tírélà àgbàdo kan tó bá bu mọ́ wa lọ́wọ́ ju owó oṣù àwọn méjèèjì fún odidi ọdún kan lọ, mo sì béèrè pé ta ni yóò fi eyín tẹ àgbàdo náà wò lọ́jọ́ tí èmi bá fẹ̀yìn tì. Wọn kò tíì fèsì.